Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta fún Jẹ́lé-ó-sinmi

Inú páálí mílíìkì ni àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wà nígbà tí wọ́n gbé wọn dé iléèwé wa ní Minanata, ní Sókótó. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tirẹ̀, àwòrán sì wà lójú ike náà: ọmọdé tó dé fìlà onírun, ewúrẹ́, ilé, ohun kan tó ń fò tó sì ń tu iná nídìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé orin ló wà nínú wọn. Olùkọ́ yunifásítì kan, ọmọ Ìlọrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ló kó wọn wá. Ọmọ rẹ̀ ti ń lò wọ́n lọ́hùn-ún, ó sì ti dàgbà jù wọ́n lọ. Ó fi ọ̀kan sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́, ariwo tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ayùn rẹ́ páànù.

Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù. Kọ̀ǹpútà ló ń bá sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá wa, obìnrin Ìjẹ̀bú tó dá iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi náà sílẹ̀, fi ọwọ́ kan di etí. "Ọ̀rọ̀ rèé? Ìjà ni wọ́n ń jà."

Ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1990 nígbà náà. N kò rí kọ̀ǹpútà rí àfi nínú ìwé ìròyìn. Èyí kò tóbi ju àtẹ kékeré lọ, bọ́tìnnì ló kún ojú rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ tí àwọn akọ̀wé fi ń tẹ lẹ́tà. Wọ́n á so wáyà kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á so òmíràn mọ́ rédíò kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn ariwo bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán á yọ. Nígbà mìíràn kò ní yọ, wọ́n á sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yìí àti iná tí kì í dúró ni ọ̀gá fi sọ pé kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ni a lè lò pẹ̀lú àwọn ọmọ ní sáà kan. Olùkọ́ yunifásítì náà yóò kó àwọn yòókù lọ fún iléèwé mìíràn. Olùkọ́ méjì ni wá: èmi ni mo ń mú àwọn ọlọ́dún mẹ́rin, àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ Ìbàdàn, ń mú àwọn ọlọ́dún márùn-ún. Ọ̀gá pe àwa méjèèjì.

"Ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, kíláàsì kan ni yóò kù níbí," ló wí. "Àwọn òbí ò fẹ́ kọ́mọ lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa mọ́. Kọ́pà á ti parí ìsìn rẹ̀ nígbà náà, ó sì ti ní òun fẹ́ dúró. Ẹ jọ yan kásẹ́ẹ̀tì yìí. Tẹ́ ò bá fẹnu kò, kálukú mú tirẹ̀ wá síwájú àwọn ọmọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá yé wọn ni màá fi kíláàsì náà sílẹ̀ fún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní láti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi níbí, nítorí ohun tó kù kò ní yéni bí mo bá fò ó. Kí n tó di olùkọ́, aránṣọ ni mí ní Kofar Kware. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, èmi àti òun la jọ ń rán aṣọ. Wáyà kan tó ti họ ló mú iná lẹ́yìn ìdì aṣọ, ní ọ̀sán gangan. Mo jáde. Ẹ̀gbọ́n kò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ti ilẹ̀kùn páànù náà, ó sì ti gbóná. Nígbà tí ọgbẹ́ san, ìka mẹ́rin ti lẹ̀ mọ́ra wọn, àtàǹpàkò nìkan ló ń mì.

Ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá ṣí kò lè di àlùmọ́gàjí mú. N kò lè po fùláwà ní búrẹ́dì, n kò lè di irun. Ìwé mẹ́ta tí mo kà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló wá wúlò. Mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ bí a ṣe ń fi òsì kọ̀wé, ọ̀gá sì gbà mí. Nínú gbogbo Sókótó, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gba ọwọ́ mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì tí mo fi ń kọ̀wé kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń fún ènìyàn ní nǹkan, yálà ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí láàárín àwọn Hausa tí a bá gbé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mi, mo na ìwé sí bàbá ọmọ kan. Ó wo ọwọ́ náà. Ó ní kí n gbé ìwé ọ̀hún sórí tábìlì, ó sì mú un níbẹ̀. Kò bú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé nǹkan lé orí apá ọ̀tún, tí mo ń fi òsì tì í lẹ́yìn bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun.

Nínú kíláàsì mi, n kò fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì ṣeré. Ṣáájú A, B, D, ohun tí ọmọ kọ́kọ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ mi ni pé ọ̀tún ni a fi ń fún àgbà ní nǹkan, òun la fi ń gbà á, òun la ń nà sókè bí a bá mọ ìdáhùn. Òsì a lọ sẹ́yìn, a dúró sí ìbàdí. Bí ọmọ bá gbàgbé, màá dákẹ́, màá máa wò ó títí yóò fi rántí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wí pé èmi ni mo kọ́ ọmọ òun ní ọwọ́ òsì.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ lọ́sàn-án ni èmi àti kọ́pà ń yẹ àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà wò. Òun ló ń so wáyà. Èmi á gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ súnmọ́ ibí. Kò ní jẹ yín."

"Ibi tí mo wà yìí dáa."

"Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Báwo lẹ ṣe máa rí i?"

"Ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́. Mò ń rí i."

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ohun tí mo rí sí. N kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin. Nítorí náà mo ń bi ara mi pé, ṣé ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè ṣe èyí? Kí ni ẹ̀rọ náà yóò ṣe fún un bí ó bá ṣì í? Ọ̀pọ̀ nínú mẹ́rìnlá náà kò kọjá ìbéèrè kìíní. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ìlà lórí ìlà, ṣáájú kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ṣi lẹ́tà, wọ́n á ya òpó igi, wọ́n á ya okùn sí i, títí wọn yóò fi so ènìyàn kan kọ́ síbẹ̀. Mo ní kí kọ́pà pa á. Òmíràn sì tún wà tí ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta ti ń ka nọ́ńbà.

"Ẹ wo bí wọ́n ṣe rẹwà," ni kọ́pà wí.

"Ta ni yóò gbé wọn jáde níwájú àwọn bàbá Mùsùlùmí tó ń ti Kofar Marke wá, ìwọ tàbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ilẹ̀kùn."

A fẹnu kò lórí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọ̀, tí ọmọ kàn ń tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọ̀ méjì bá bára mu. Èkejì ni ti ọmọ tó dúró síta nínú òtútù, tí a ó yan aṣọ fún. Kọ́pà ti fẹ́ jù ú nù. Ó ní, "Òtútù ní Sókótó?" Oṣù kẹjọ ló dé ìlú, òjò àti oòrùn nìkan ló tíì rí. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná, ìgbà tí ètè rẹ̀ bá là, tó ń wá síwẹ́tà kiri ọjà, kí ó wá tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó gbà.

Ẹ̀kẹta ni a kò lè fẹnu kò lé lórí. Kọ́pà fẹ́ èyí tí ó ní ohun tó ń fò nínú. Nọ́ńbà kan á yọ, ọmọ á wá nọ́ńbà náà lórí bọ́tìnnì kí ohun náà tó já lu ilé kan. Bí ọmọ bá yára, ohun náà á tú ká. Bí ó bá pẹ́, ilé náà á jó, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n á pọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ó yára jù fún wọn. Ìdí kejì wà tí n kò kọ.

Èmi fẹ́ ti ewúrẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́fà dúró síta, ọgbà kan wà tó ní géètì. Ọmọ á di bọ́tìnnì kan mú ní ìpẹ̀kun apá òsì kí géètì lè wà ní ṣíṣí, á sì máa tẹ òmíràn ní ìpẹ̀kun apá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan, á máa kà wọ́n bí wọ́n ti ń wọlé. Bí ó bá ju bọ́tìnnì géètì sílẹ̀, géètì á padé, àwọn ewúrẹ́ á padà síta, wọ́n á dúró. Kò sí ariwo, ẹ̀rọ náà kì í bú ọmọ. Ó ń dúró dè é. Mo gbé àga mi súnmọ́ ọn lọ́jọ́ náà, mo fi òsì di géètì mú, mo fi àtàǹpàkò ọ̀tún ka ewúrẹ́ mẹ́fà wọlé. Kọ́pà pàtẹ́wọ́.

"Wọ́n á sùn lọ nídìí tiyín, Àǹtí. Ọmọdé ń fẹ́ nǹkan tó ń dún gbàù."

"A ó rí i."

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá mú. Olùkọ́ yunifásítì náà wá láti wò ó. Kí ọjọ́ náà tó dé, mo bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò gbá ẹ̀rọ náà, wọn yóò fa wáyà, nǹkan yóò sì ṣẹlẹ̀. Nítorí náà mo sọ fún wọn ní Hausa, èdè tí gbogbo wọn ń bára wọn sọ, ọmọ Yorùbá inú wọn pẹ̀lú, pé ẹ̀rọ yìí bí àgbà ló rí. Bí ẹ ṣe ń hùwà níwájú àgbà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ hùwà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbọ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n kí tẹlifíṣọ̀n káàárọ̀, "Ina kwana?" Kọ́pà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ti kọ́pà ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Mẹ́sàn-án nínú àwọn ọmọ mi ni ọ̀gá yàn láti dán an wò. Ariwo pọ̀. Ọmọ méjì sunkún nígbà tí ilé náà jó, ọ̀kan tọ̀ sára. Mẹ́rin rí nọ́ńbà náà kí ohun yẹn tó já, wọ́n sì fò sókè. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tó ń wá ni ohun tí òbí yóò rí tí orí rẹ̀ yóò wú.

Lẹ́yìn náà ni a fi ti ewúrẹ́ sí i. Kọ́pà, tí n kò lè sọ pé ó ṣe ojúsàájú, fi bí a ṣe ń ṣe é hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ kan níhìn-ín, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin kan tó mọ ogún kà ni mo kọ́kọ́ pè. Ó dúró ṣánṣán. Ó na ọ̀tún, ó tẹ bọ́tìnnì géètì, géètì ṣí. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó lọ tẹ bọ́tìnnì ewúrẹ́. Géètì ti padé. Ó wo mí. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, bákan náà.

"Ẹ wo bó ṣe dúró," ni ọ̀gá sọ fún olùkọ́ yunifásítì náà. "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́."

Èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, bákan náà ni. Kò sí ewúrẹ́ kan tó wọlé. Mo ń bi ara mi pé, ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni, àbí àwọn ọmọ ni kò gbọ́? Nígbà tó kan ọmọ karùn-ún ni mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní ìbàdí. Ó di í ní ẹ̀ṣẹ́ pinpin bí ẹni tí a ní kó pa owó mọ́. Mo wo àwọn tó ti ṣe tiwọn, tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí wọ́n ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n. Òsì gbogbo wọn wà lẹ́yìn. Nígbà tí a fi ti kọ́pà sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan tó fún tirẹ̀. Ewúrẹ́ ni ọwọ́ kan kò tó fún.

Kò sí ẹni tó rí i nínú yàrá náà. Ọ̀gá kò rí i, olùkọ́ yunifásítì kò rí i, kọ́pà kò rí i. Bí ọmọ ṣe yẹ kó dúró níwájú àgbà náà nìyẹn, kò sí ohun tí ojú fẹ́ mú níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ wọn, èmi ni mo sì sọ pé àgbà ni ẹ̀rọ náà.

Mo jẹ́ kí ẹ̀kẹfà, èkeje, ẹ̀kẹjọ àti ẹ̀kẹsàn-án ṣe tiwọn. Bí mo bá sọ pé kí wọ́n mú òsì jáde, wọn yóò mú un jáde nílé pẹ̀lú. Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò ní mọ̀ pé níbi kọ̀ǹpútà nìkan ni. Yóò fi òsì na omi sí bàbá rẹ̀, wọ́n á gbá a lọ́wọ́, yóò sì dáhùn pé Màlámà, olùkọ́ òun, ló ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Màlámà wo? Màlámà ọlọ́wọ́ òsì. Ó tán nìyẹn. Bí n kò bá sì sọ ọ́, kíláàsì di ti kọ́pà. Ọ̀nà méjèèjì, ibi kan náà ló já sí.

"Àǹtí," ni kọ́pà wí, "àwọn ewúrẹ́ yín ò fẹ́ wọlé."

Olùkọ́ yunifásítì náà ní, "Bóyá ọjọ́ orí wọn ò tíì tó fún un."

Ọ̀gá wo aago. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun ná. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti yanjú."

A kó àwọn ọmọ jáde sábẹ́ dọ́gọ́yárò. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé abọ́ wọn jáde: túwó, ìrẹsì, àkàrà, fùrá nínú ife páànù. Iṣẹ́ mi ni láti máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń jẹun, kí ẹnì kan má jẹ ti ẹlòmíràn. Mo ń wò wọ́n, ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó mọ ogún kà ń jẹ túwó. Ọ̀tún rẹ̀ ń bù ú. Òsì rẹ̀ di etí abọ́ mú kó má baà dànù.

Mo wo ọmọ kejì. Òun náà. Gbogbo wọn ló fi òsì di abọ́ mú. Ẹnikẹ́ni kò gbá wọn lọ́wọ́ rí nítorí ìyẹn. Ìyá mi pàápàá, tí kì í gba omi lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi òsì gbé e, máa ń sọ fún wa pé kí a di abọ́ mú dáadáa.

Mo wọlé lọ bá wọn. Olùkọ́ yunifásítì náà ti ń kó kásẹ́ẹ̀tì padà sínú páálí. Ti ewúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," mo wí fún ọ̀gá, "ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ewúrẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Wọ́n ti ṣe é. Mẹ́sàn-án ló ṣe é."

"Lẹ́ẹ̀kan péré, mà. Ẹnì kan."

N kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí kọ́pà: "Kọ́pà, tún un fi sí i."

Ariwo ìṣẹ́jú márùn-ún náà gùn lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Bí iná bá lọ, ó parí. Iná kò lọ. Mo pe ọmọbìnrin náà wọlé, mo kúnlẹ̀ tì í níwájú ẹ̀rọ, tòun ti wáyà. Mo fi ọwọ́ kan bọ́tìnnì géètì, mo sọ fún un ní Hausa pé, "Kwano rẹ nìyí, abọ́ rẹ. Bí o kò bá di kwano mú, ó máa dànù." Mo fi ìkejì hàn án. "Ibi tí o ti máa bù ú rèé. Ẹ̀ẹ̀kan, ewúrẹ́ kan."

Òsì rẹ̀ kúrò ní ìbàdí láìro ohunkóhun. Ó di géètì mú. Ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́ kan wọlé. "Ɗaya," ló wí: oókan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìkẹfà wọlé, ó yí padà wò mí, òsì rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì, bí ẹni tí abọ́ rẹ̀ kò tíì tán.

A pe àwọn yòókù. Méje nínú mẹ́sàn-án kó ewúrẹ́ wọn wọlé tán. Ẹ̀kẹjọ kà á dé mẹ́rin, ó gbàgbé ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹsàn-án ní ebi ṣì ń pa òun.

"Àwọn ewúrẹ́ ti gbọ́ràn," ni kọ́pà wí. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ọ̀gá yí àga rẹ̀ sí mi. "Kí ló dé tí wọn ò ṣe é lákọ̀ọ́kọ́? Àbí ebi ló ń pa wọ́n?"

Ó ti fi ìdáhùn sí mi lẹ́nu. Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mà, ebi ni. Olùkọ́ yunifásítì náà ti ń mi orí pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n wọn yóò máa lo kásẹ́ẹ̀tì yìí ní gbogbo sáà, ẹnì kan yóò rí ọwọ́ òsì lórí bọ́tìnnì lọ́jọ́ kan, yóò béèrè ẹni tó kọ́ wọn. Ó sàn kí n gbọ́ èsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Èmi ni mo fà á, mà," mo wí. "Èmi ni mo kọ́ wọn pé òsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn níwájú àgbà. Mo ní kọ̀ǹpútà náà bí àgbà ló rí. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ méjì. Mo rí i nígbà tó kan ọmọ karùn-ún. N kò sọ ọ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

Ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo ojú mi, kò sì béèrè mọ́.

Olùkọ́ yunifásítì náà ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ tèmi, ọdún mẹ́ta ló fi ń kó ewúrẹ́ yìí wọlé lọ́hùn-ún. Mi ò fìgbà kan wo ọwọ́ tó fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀, nílé wa n'Ílọrin, ọmọ tó bá na òsì síni, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ."

Ọ̀gá dìde. Ó mú kásẹ́ẹ̀tì àwọ̀, ó mú ti òtútù, ó mú ti ewúrẹ́ kúrò nínú rédíò, ó kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

"Mẹ́ta nìyẹn. Kíláàsì ṣì jẹ́ tìrẹ. Kọ́pà á máa so wáyà títí yóò fi lọ." Ó ti dúrọ́ọ̀ náà. "Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ ni wàá bá àwọn òbí sọ ọ́, kí ọmọ kankan tó sọ ọ́ nílé. Lónìí. Ẹni tó bá ní òun ò gbà, màá gbọ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá sì pọ̀, màá ro ọ̀rọ̀ náà tún."

"Mo gbọ́, mà."

Níta, kọ́pà ń wé wáyà mọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Àǹtí, ẹ ti fi ewúrẹ́ lé mi kúrò nílùú."

"Má bínú."

"Mi ò bínú. Ìbàdàn náà ní ọmọdé." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé kí n dúró tì yín nígbà tí wọ́n bá dé?"

Mo ní kó má ṣèyọnu.

Láti agogo méjìlá ààbọ̀ ni àwọn òbí ti ń dé. Mo dúró sábẹ́ dọ́gọ́yárò, àwọn ọmọ lẹ́yìn mi. N kò pa ọwọ́ mi mọ́ sábẹ́ ìborùn bí mo ti máa ń ṣe, nítorí mo rò pé ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yóò fẹ́ rí ọwọ́. Mo sọ ọ́ bákan náà fún olúkúlùkù. Pé ẹ̀rọ kan dé tí ọmọ ń fi ọwọ́ méjì lò. Pé ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, òsì kàn ń di nǹkan mú, bí a ti ń di abọ́ mú. Pé níbẹ̀ nìkan ni. Pé bí ọmọ bá na òsì sí wọn nílé, kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n sì wá sọ fún mi. Wẹ́dà kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ní ọwọ́ méjì lòun fi ń jó irin, ta ló fẹ́ bá òun wí? Akọ̀wé ìjọba kan gbọ́ ọ, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ láìdáhùn. N kò mọ ohun tí àìdáhùn náà jẹ́. Ọmọ rẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ó gbà.

Ẹni tó dé kẹ́yìn ni ìyá àgbà ọmọbìnrin tó mọ ogún kà. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní kí n tún ti abọ́ sọ. Mo tún un sọ. Ó béèrè bóyá ewúrẹ́ inú ẹ̀rọ náà wọlé tán.

"Gbogbo wọn, Hajiya. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"To, ó dáa," ló wí. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Ó yí ọrùn padà. "Sai gobe, Màlámà."

Ó dọ̀la nìyẹn. Mo ní, "Sai gobe."